Ó ku ẹnì kan: ohun tí ohùn inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ mọ̀, àti èyí tí kò mọ̀

Ìyá Ṣèyí, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun lókè òkun lọ́dún tó kọjá. Oṣù mẹ́ta gbáko ló lò níbẹ̀. Nígbà tó dé, gbogbo wa ló ń retí ìròyìn òtútù àti ti oúnjẹ tí kò lata. Kò tilẹ̀ mẹ́nu bà wọ́n. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ ló gbé wálé, obìnrin tí kò fojú kàn rí.

"Kì í sinmi," ó ní. "Ó máa sọ ibi tá a dé, ó máa sọ ibi tó kàn, ó máa ní ká má gbàgbé ẹrù wa. Àfi bí ìyá ọkọ! Lọ́jọ́ kan báyìí, ó dárúkọ ibùdó tá a ti kọjá, ó ní ibẹ̀ ló kàn. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Èmi nìkan ni mò ń wòkè wolẹ̀."

"Mà, ẹ̀rọ ni," mo dá a lóhùn. "Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ni? Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, báwo ló ṣe ń mọ ibi tá a dé? Tó bá sì mọ̀ ọ́n, kí ló dé tó fi ṣì í sọ?"

Ìbéèrè gidi ni, èsì rẹ̀ sì gùn ju ohun tí mo lè sọ láàárín oníbàárà méjì lọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Abẹ́òkúta kò ní ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀. Kò tíì sí ìlú kankan tó ní in ní Nàìjíríà, ẹni tó bá sì fẹ́ gbẹ́ ihò gba abẹ́ ìlú tó jókòó sórí àpáta bíi tiwa yóò kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Olúmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú irin ti padà di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lọ́dọ̀ wa. Ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, kìlómítà 157, ni wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ibùdó tiwa sì wà ní Láderin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 l'Ékòó. Red Line tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Ọyìngbò dé Àgbádó, ẹnu ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń rìn lásìkò, tí ibùdó rẹ̀ sì pọ̀, ohùn àti pátákó alámì iná ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e dé. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti le jù, torí pé èrò kò rí nǹkan kan lójú fèrèsé àfi òkùnkùn. Lókè, ẹni tó bá ti rí afárá Láfẹ́nwá mọ̀ pé òun ti délé. Lábẹ́ ilẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ nìkan lo mọ̀.

Akéde ọkọ̀ tiwa ni agbèrò. Ẹ lọ dúró ní Láfẹ́nwá láàárọ̀, ẹ óò gbọ́ ọ: "Pánṣẹ́kẹ́, Kútọ̀, ó ku ẹnì kan! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ẹ sáré wọlé, ẹ rí i pé àga mẹ́ta ló ṣófo, ẹni tó jókòó níwájú tún bọ́ sílẹ̀, àṣé ọ̀rẹ́ agbèrò ni. Kò sẹ́ni tó máa ń bínú. Gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta ló mọ̀ pé "ó ku ẹnì kan" kì í ṣe ìṣirò, ẹ̀bẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yẹn wà lọ́wọ́ yín, torí a máa tún bá a pàdé.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ láyé, ní oṣù kìíní ọdún 1863. Láti àwọn ọdún 1980 ni pátákó alámì iná ti ń gorí pèpéle ibùdó wọn, níbi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Pátákó náà ń sọ ibi tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń lọ àti iye ìṣẹ́jú tó kù kó dé. Ìṣẹ́jú yẹn ló ń dá awuyewuye sílẹ̀. Á kọ 2, á di 1, á wá dúró sórí 1 yẹn títí ẹni tó ń wò ó á fi ka gbogbo ìpolówó ara ògiri tán.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó ti pẹ́, ẹ̀rọ náà kò rí ọkọ̀ rárá. Wọ́n gé ojú irin sí abala-abala, iná mànàmáná tí kò lágbára sì ń gba inú irin ọ̀tún àti ti òsì ní abala kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá wọ abala kan, ẹsẹ̀ irin rẹ̀ á so irin méjèèjì pọ̀, iná á gba ibẹ̀ yà, kò ní dé ibi tó ń lọ mọ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ á mọ̀ pé nǹkan ti wọbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó wà ní yàrá tó gbọ́ tí ilẹ̀kùn pálọ̀ dún: ó mọ̀ pé àlejò ti wọlé, kò mọ̀ bóyá ó ti jókòó tàbí ó ṣì ń bọ́ bàtà. Iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ sábà máa ń lò láti abala yẹn dé pèpéle ló ń kọ síta. Bí iná pupa bá wá dá ọkọ̀ dúró nínú ihò, abala kan náà ló ṣì wà, 1 ni pátákó á máa kọ lọ. Ti ibùdó ìbẹ̀rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ lè wà níbẹ̀ tó ṣì ń retí dẹrẹ́bà, kí pátákó iwájú ti máa ka ìṣẹ́jú fún un, nítorí pé ìwé àkókò ní ó yẹ kó ti gbéra. Ó ku ẹnì kan!

Ti inú ọkọ̀ yàtọ̀, òun gan-an sì ni èsì ìbéèrè Ìyá Ṣèyí. Fóònù wa ń ti ara sátẹ́láìtì mọ ibi tá a wà, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò ríran wọnú ilẹ̀. Nítorí náà ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ ń mọ̀nà bí afọ́jú ṣe ń mọ ilé ara rẹ̀: ó ń ka ìṣísẹ̀. Iye ìgbà tí táyà irin bá yí ló ń sọ bí ó ṣe rìn jìnnà tó. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, á ka ibùdó kan kún un. Ní àwọn ọ̀nà mìíràn, wọ́n de àwọn àmì mọ́lẹ̀ láàárín irin kí ọkọ̀ máa kà wọ́n bó ṣe ń kọjá. Kó tó gbéra, dẹrẹ́bà tàbí kọ̀ǹpútà ti sọ ibi tó ń lọ fún un. Látibẹ̀ lọ, àkọ́sórí ni. Bí wọ́n bá ti ìbẹ̀rẹ̀ fún un ní ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, bí ojú irin bá tutù tí táyà ń yọ̀, bí ilẹ̀kùn bá ṣí lẹ́ẹ̀mejì níbì kan ṣoṣo, ọmọ tó ń ka ábídí lórí ti fo lẹ́tà kan nìyẹn. Á sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dá ṣáká, títí ẹnì kan á fi tún un ṣe tàbí tí ọ̀nà á fi pin.

Ohùn tó dá ṣáká yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Bí agbèrò bá ṣì í sọ, ẹ óò rí i lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ ò lójú.

Gbólóhùn tó ń sọ pàápàá, àdápọ̀ ni. Ẹni tó yá wọn lóhùn jókòó sí sítúdíò, ó sọ "ibùdó tó kàn ni" lẹ́ẹ̀kan, ó wá ka orúkọ àwọn ibùdó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka iye, ó ka "ẹ jọ̀ọ́". Kọ̀ǹpútà ló ń rán wọn pọ̀ bí télọ̀ ṣe ń rán àjákù aṣọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè gba orúkọ kan náà sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ohùn àárín gbólóhùn yàtọ̀ sí ohùn ìparí. Níbi tí wọn ò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, etí á gbọ́ ojú rírán náà kedere.

Ẹ wá fojú inú wò ó ní Yorùbá. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnu wa tún ń jẹ fáwẹ̀lì. A kì í là á ní méjì pé "ní" ká tó sọ pé "Ìtòkú". N'Ítòkú la ń wí, orúkọ ìlú náà sì ti pa ohùn dà lẹ́nu wa. Ẹ̀rọ tó ń rán àjákù kò gbọ́ ìyẹn. Á dúró díẹ̀ ṣáájú orúkọ kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.

Ti pátákó burú ju ti ohùn lọ. Ibùdó kan wà láàárín wa àti Ìbàdàn tí wọ́n ń kọ ní Olodo láìfi àmì sí i. Ẹ gbé e fún ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Yorùbá pé kó kà á sókè, kí ẹ wá wo bí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà nínú ọkọ̀ á ṣe fi ẹ̀rín pa ara wọn, torí orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó gba òdo nínú ìdánwò ló máa jáde. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kórìíra wa. Nínú ètò lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ayé ń lò, "é" ní àyè tirẹ̀, "ẹ" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" tó gbé àmì lórí tó tún ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ kò ní. Ńṣe ni wọ́n ń so nǹkan méjì pọ̀ kó tó jáde. Pátákó alámì iná tó jẹ́ pé ìlà iná 7 péré ló fún lẹ́tà kan láti òkè délẹ̀, ibo ni yóò fi àmì sí, ibo ni yóò fi ẹsẹ̀ sí?

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà ńlẹ̀. Ní ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ àwọn èèyàn ńlá sọ àwọn ibùdó ojú irin tuntun náà. Tiwa ní Láderin di ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, Papalanto di ti Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta sì ni àwọn méjèèjì. Àgbádó di ti Lateef Jakande, Mọ́níyà n'Íbàdàn di ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n nítorí àlejò la ṣe ń kéde. Ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Papalanto, tó bá jẹ́ "Ransome-Kuti" nìkan ló gbọ́, yóò jókòó pa títí yóò fi bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Kì í ṣe pé a ò ní í fún un ní oúnjẹ, àmọ́ ibi tó ń lọ kọ́ nìyẹn. Lójú tèmi, kí orúkọ ìlú máa ṣáájú, kí ti ẹni ọlá tẹ̀ lé e.

Mexico City rí ọgbọ́n mìíràn dá sí i. Nígbà tí wọ́n ṣí ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ wọn ní 1969, ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ kò mọ̀wé kà, ni wọ́n bá ya àwòrán kan fún ibùdó kọ̀ọ̀kan. Lance Wyman, ará Amẹ́ríkà, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Chapultepec, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí òkè tata ní èdè Nahuatl, tata ni wọ́n yà fún un. Ìyá tí kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé "wá pàdé mi níbi tata". Ká ní àwa la fẹ́ ṣe é ńkọ́? Àpáta fún Olúmọ, aṣọ àdìrẹ fún Ìtòkú, afárá fún Láfẹ́nwá. Kútọ̀ nìkan ni n kò tíì mọ ohun tá a máa yà fún. Bóyá agbèrò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Moscow. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí àárín ìlú, ohùn ọkùnrin ni ẹ óò gbọ́. Bó bá ń kúrò níbẹ̀, ohùn obìnrin ni. Lórí ọ̀nà tó yí ìlú po, ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, obìnrin nínú èyí tó ń yí lódìkejì. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi ṣàwàdà pé ọ̀gá ló ń pè ọ́ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ìyàwó ló ń pè ọ́ sílé nírọ̀lẹ́. Afọ́jú tó bá ṣi ọkọ̀ wọ̀ á ti mọ̀ kí wọ́n tó dárúkọ ibùdó kankan. Wọn ò ná kọ́bọ̀ sórí pátákó, ọ̀rọ̀ sì ti yé gbogbo èèyàn.

Ní Tokyo, orin ni. Láti 1989 ni ilé-iṣẹ́ JR East ti ń fi orin kúkúrú rọ́pò agogo tó máa ń han etí nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ọ̀pọ̀ ibùdó sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Orí ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọn wọ̀nyẹn ń gbà, kì í ṣe abẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó, torí nígbà tí mo gbọ́ ọ, gángan ló sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn àgbà wa rántí ìlù tí rédíò àtijọ́ fi ń ṣíde. Àwọn kan gbọ́ ọ pé "Bólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Àwọn mìíràn ní rárá, "Kò sónígbèsè níbí, ẹ lọ sílé kejì" ló ń wí. Ìlù kan náà. Ẹni tó bá máa fi gángan kéde ibùdó fún Yorùbá ní láti kọ́kọ́ ronú sí ohun tí àwọn ọmọdé á sọ pé ó ń wí.

Gbólóhùn tó gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni "Mind the gap" ti Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn ni pé kí èrò kíyè sí àlàfo. Àwọn pèpéle kan níbẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ọ̀nà ihò ṣe tẹ̀, ọkọ̀ sì gún gbọọrọ; igi tó gún kò lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, àlàfo gbọ́dọ̀ wà. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, kó lè gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ igbe ojoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, torí pé ibi tí wọ́n ń tọ́jú ohùn sí nígbà náà wọ́n gan-an.

Òṣèré kan tó ń jẹ́ Oswald Laurence wà lára àwọn tó yá wọn lóhùn. Ó kú ní 2007, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì ń dún ní ibùdó Embankment, ìyàwó rẹ̀ sì máa ń lọ jókòó síbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ní ìparí ọdún 2012, wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé, ohùn ọkọ rẹ̀ sì dákẹ́. Obìnrin náà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàdàkọ rẹ̀ fún òun. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì tún dá ohùn náà padà sí pèpéle yẹn ní 2013. Nígbà tí mo sọ èyí fún Ìyá Ṣèyí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àyìnlá Ọmọwúrà ń kọrin lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tirẹ̀. Láti 1980 ló ti kú, kò sì sí òde ayẹyẹ kan ní Abẹ́òkúta tí kì í ti í sọ̀rọ̀. "Kí ló wá yani lẹ́nu níbẹ̀?" ó ní. "Bí ohùn bá ṣì wà, kí wọ́n jẹ́ kó gbọ́ ọkọ rẹ̀."

Àwọn ìkéde kan wà tí wọn ò fẹ́ kó yé èrò. Bí ẹ bá gbọ́ ní ibùdó kan ní Lọ́ńdọ̀nù pé wọ́n ń pe "Inspector Sands" kó yára wá, kò sí ọlọ́pàá kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnà ni, bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń fi ẹnà bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú oníbàárà: ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná ti fura sí nǹkan, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ wò ó, wọn ò sì fẹ́ kí èèyàn máa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Àṣírí náà ti tú báyìí, gbogbo ayé ló mọ Inspector Sands. Mo ṣì rò pé ó sàn ju igbe "iná o!" lọ níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wà nínú ihò.

Ṣùgbọ́n ìkéde tún ti pọ̀ jù. "See it. Say it. Sorted." tí àwọn ọlọ́pàá ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2016, kí èrò lè máa fi nǹkan tó mú ìfura dání tó wọn létí, ti dún débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ ọ mọ́. Ní 2022, mínísítà ètò ìrìnnà wọn fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n dín ìkéde tí kò wúlò kù nínú ọkọ̀ ojú irin. Agogo tó ń dún ní gbogbo ìgbà, ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún un?

Ní 2017, Lọ́ńdọ̀nù pa kíkí "ẹ̀yin obìnrin àti ẹ̀yin ọkùnrin" tì lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ abẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa kí gbogbo èèyàn pọ̀. Awuyewuye pọ̀ lórí rẹ̀. Àwa ò ní irú wàhálà yẹn. "Ẹ̀yin èrò" ti kó wa tán, tọmọdé tàgbà. Wàhálà tiwa á wà níbòmíràn. Yorùbá kì í kìlọ̀ fún àgbà láìkọ́kọ́ kí i. Ohùn tó bá já lu ìyá arúgbó láàárọ̀ pé "Ẹ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn!" láìsọ pé ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìrìnàjò, wọ́n á ní ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ni. Bó bá sì tún wá kí wọn tán pátápátá, ọkọ̀ á ti dé ibùdó kejì.

Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ ni kò tíì yé èmi fúnra mi. Ọkọ̀ pẹ́, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ní "ẹ má bínú". Ẹni tó sọ ọ́ kò mọ̀ pé ọkọ̀ yìí máa pẹ́, ó tiẹ̀ lè má sí láyé mọ́. Ta ló wá ń bẹ̀ mí? Agbèrò tó fi mí jókòó sínú oòrùn ní Láfẹ́nwá kò bẹ̀ mí rí, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo lè bá jà.

Mo ka gbogbo èyí sókè fún Ìyá Ṣèyí nírọ̀lẹ́ bó ṣe ń palẹ̀ ọjà mọ́. Ó ní òun ti gbọ́: obìnrin náà kò mọ ibi tó wà, ńṣe ló há a sórí. A jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ bọ́ọ̀sì. "Ó ku ẹnì kan, Ìyá, ẹ wọlé!" agbèrò ń pariwo. Ìyá Ṣèyí kò dá a lóhùn. Ó di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, ó tẹ orí wọlé, ó na ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àga. Mẹ́rin ló ṣófo. Ó wo agbèrò, ó wò mí, ó wọlé.